Ohun tí a fi ń dí eyín, àti ọwọ́ tó ń pò ó

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí mo dí eyín fún un, Àlájà kan tó ń ta ata rodo ní ọjà Ìpàta padà wá sí ilé ìwòsàn eyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Kò jókòó. Ó tú etí ìborùn rẹ̀, ó mú bébà kékeré kan tó ká mọ́ra jáde níbẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Nǹkan funfun kan tí kò tó hóró àgbàdo ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tí ẹ fi dí ihò náà ló rèé. Àkàrà ni mo ń jẹ o, kì í ṣe eegun. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún yín ni?"

Mo mú un, mo yí i wò lábẹ́ iná. Ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì gbé àwòrán ihò náà jáde pátápátá, bí ẹ̀pà tí a yọ nínú èèpo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ náà kì í ṣe ti ẹni tó ta ọjà fún wa. Irú ohun tí mo fi dí i yẹn, bí ó bá lẹ̀ mọ́ eyín dáadáa, inú ara rẹ̀ ló máa ń là sí nígbà tó bá bàjẹ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì kù sí ìdí ihò. Èyí tó bá yọ lódindi kò lẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi síbẹ̀. Èmi ni mo sì pò ó.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Oṣù kẹta ọdún ni, ìgbà tí ooru Ìlọrin máa ń mú ènìyàn bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ láti àárọ̀, epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ kò sì ju èyí tí yóò gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ eyín lọ, nítorí náà a pa ẹ̀rọ amúlétutù. Mo ti gbẹ́ ihò náà mọ́, mo ti fi òwú yí eyín ká, mo ti po ohun tí n ó fi dí i tán, àfi bí Àlájà ṣe na ọwọ́ sókè pé òun fẹ́ tutọ́. Mo dúró dè é. Ó tutọ́, ó fi omi yọ ẹnu, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó padà jókòó. Nígbà tí n ó fi yí òwú tuntun ká eyín rẹ̀, ohun tí mo pò sílẹ̀ ti ṣú: kò dán mọ́, ó sì ń fà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilá àná. Ó yẹ kí n dà á nù. Mo ro ti iye tí wọ́n ń ta ìgò kékeré kan báyìí, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Ohun tí Àlájà sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, àwa òṣìṣẹ́ eyín pàápàá kò sì gbẹ́yìn níbẹ̀: bí ohun tí a fi dí eyín bá ti yọ, a ó ní ọjà ayédèrú ni, tàbí pé ìbá ṣe pé ti Jámánì ni, kì bá tí yọ. Ayédèrú wà lọ́jà, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fi ojú ara mi rí jù ni pé ohun tí a fi ń dí eyín kì í dé ọwọ́ wa ní píparí. Aṣọ òfì tí ènìyàn rà ní ọwọ́ ahunṣọ ti di aṣọ kí ó tó kúrò lórí òfì. Àwo tí a rà lọ́jà ti di àwo. Ti eyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun àti omi ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wa, tàbí ohun rírọ̀ kan nínú ike, àwa ni a ó sì parí iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nínú ẹnu ènìyàn tó ń tutọ́, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ kò bá ti ìwé ìlànà mu.

Glass ionomer ni ohun tó wà nínú bébà Àlájà. Àwọn aláìsàn mi kan ń pè é ní simẹ́ńtì eyín, wọn kò sì jìnnà sí òótọ́, nítorí pé ẹbí simẹ́ńtì ni àwọn tó ṣe é gan-an kà á sí. Alan Wilson àti Brian Kent ló ṣe é ní London, tí wọ́n sì gbé e síwájú àwọn oníṣègùn eyín ní ọdún 1972. Ìyẹ̀fun rẹ̀ jẹ́ dígí tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí calcium, aluminium àti fluoride wà nínú rẹ̀. Omi rẹ̀ jẹ́ ásíìdì kan tí wọ́n ń pè ní polyacrylic acid, tí wọ́n fi tartaric acid díẹ̀ sí kí ó má baà tètè dì jù. Nígbà tí méjèèjì bá pàdé, ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara dígí náà. Calcium á kọ́kọ́ tú jáde, á so àwọn okùn ásíìdì mọ́ra, á sì di ohun tó le díẹ̀. Aluminium á wá tẹ̀ lé e pẹ̀lú sùúrù, òun ló sì ń fún un ní agbára gidi, fún odindi ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Ásíìdì kan náà tó ń di calcium inú dígí mú ló ń di calcium tó wà nínú eyín mú. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹni tó ní ọwọ́ púpọ̀, tó ń fi àwọn kan gbá dígí mú, tó sì ń fi àwọn yòókù wá eyín. Níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a pò bá ṣì ń dán, àwọn ọwọ́ tó ṣófo ṣì wà. Bí dídán náà bá ti lọ, gbogbo ọwọ́ ti kún, kò sí èyí tí yóò di eyín mú mọ́. Yóò le, yóò funfun, yóò dùn-ún wò, aláìsàn á dúpẹ́, á sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó kàn jókòó sínú ihò ni, kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ti Àlájà ṣe rí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn obìnrin Fúlàní tó ń se wàrà ní àyíká Ìlọrin níbí yóò tètè lóye ohun tí mo ń sọ. Wọ́n á fi omi bomubomu sí wàrà gbígbóná, wọ́n á rò ó pọ̀ nígbà tó ṣì ń ṣàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n á gbé ọwọ́ kúrò, nítorí pé ẹni tó bá tún ti ṣíbí bọ̀ ọ́ nígbà náà yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Kò sí ẹni tó fún wọn ní aago. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Èmi náà, ojú ló yẹ kí n gbà gbọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe aago tó ní ó ku ààbọ̀ ìṣẹ́jú.

Aago náà kò tilẹ̀ bá ibi tí a wà mu. Iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ìwé ìlànà, yàrá tí ooru rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Mo ní òṣùwọ̀n ooru kékeré kan tí mo so mọ́ ògiri, mo sì ti rí 34 lórí rẹ̀ ní ọ̀sán kan tí iná kò sí. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí a pò ṣe ń yára dì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pò ó lórí àwo dígí pẹlẹbẹ tó nípọn dípò bébà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: mo máa ń fi í sínú fíríìjì, mo sì máa ń yọ ọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan yòókù bá ti wà ní sẹpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òjò láìwojú rẹ̀. Dígí tó tutù jù yóò làágùn nínú afẹ́fẹ́ tó kún fún omi, òógùn náà á wọ inú ohun tí a ń pò, ohun tí a fi ń gba ìṣẹ́jú kan á sì wá gba agbára lọ́wọ́ wa. Mo máa ń fi ìka kan gba ojú dígí náà. Bí ìka bá tutù tí kò sì lọ́rinrin, ó tó.

Wíwọ̀n ni mo tún rí i pé a ti ń ṣe yànkan-yànkan jù. A gbọ́dọ̀ mi ìgò ìyẹ̀fun kí inú rẹ̀ tú, kí ṣíbí tó wọ̀ ọ́, kí a sì fi ètè ìgò gé orí ṣíbí náà kí ó dọ́gba. Ìgò omi ní tirẹ̀, a ó kọ́kọ́ dà á ní ẹ̀gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ẹnu rẹ̀ kúrò, lẹ́yìn náà kí a dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ gbọọrọ, kí ẹ̀kán kan já bọ́ fúnra rẹ̀; ẹ̀kán tí ìhó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀kán kan. Omi tó pọ̀ jù á jẹ́ kí ó rọrùn láti pò, òun sì ni ìdẹkùn ibẹ̀, nítorí pé yóò ṣe aláìlágbára, itọ́ á sì máa jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹ̀fun tó pọ̀ jù á mú kí ó gbẹ kí ó tó dé eyín. Mo mọ àwọn tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n bí ìyá tó ń ro àmàlà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyá tó ń ro àmàlà. Ṣùgbọ́n òun lè bu ẹ̀lùbọ́ kún un, àwa kò lè bu nǹkan kan kún tiwa lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìdajì ìyẹ̀fun ni a ó kọ́kọ́ kó wọ omi, a ó po ìdajì kejì mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ.

Lẹ́yìn tó bá ti wọ ihò tán, ewu kejì ló kù. Ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, omi tó bá kàn án yóò fa calcium àti aluminium rẹ̀ jáde kí wọ́n tó so, ojú rẹ̀ á sì ṣú bí ẹfun. Gbígbẹ náà kò sì dára fún un: bí ó bá pàdánù omi inú ara rẹ̀, á sán. Ẹ̀yin tó mọ ọyẹ́ Ìlọrin, tó ń la ètè ọmọ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde, ẹ ó mọ ohun tí aláìsàn tó ń fi ẹnu mí lè ṣe fún un kí ó tó dìde lórí àga. Vaseline díẹ̀ ni mo máa ń fi bò ó, tàbí ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún un bí a bá ní in. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí pé kò dà bí iṣẹ́ gidi.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ ohun kan péré dání lọ sí abúlé, glass ionomer yìí ni n ó mú. Ó ń tú fluoride díẹ̀díẹ̀ sára eyín tó yí i ká, bí oúnjẹ gbígbóná bá sì mú kí eyín wú díẹ̀, tirẹ̀ náà kò jìnnà sí ti eyín. Kò béèrè iná mọ̀nàmọ́ná. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ní Tanzania, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú kan tí a fi ń fi irin ọwọ́ lásán gbẹ́ ibi tó ti rà kúrò, láìsí ẹ̀rọ, tí a ó sì fi glass ionomer dí i, tí a ó fi ìka tó ní Vaseline tẹ̀ ẹ́ kí ó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ eyín. A lo ọ̀nà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́bàá Òmù-Àrán, tí àwọn ọmọ ń dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tíṣà, tí a fi aṣọ òkè àtijọ́ kan ṣe ìrọ̀rí fún wọn. Ọmọkùnrin kan wo ohun tí mo ń pò, ó ní, "Àǹtí, ṣé simẹ́ńtì tí bàbá mi fi ń mọ ilé ni?" Mo ní àbúrò rẹ̀ ni. Ó ní kí n má jẹ́ kí ó gbẹ mọ́ òun lórí ahọ́n o. Glass ionomer kò lágbára tó fún ihò ńlá lórí eyín tí a fi ń rún eegun, ó sì máa ń jẹ lójú bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé títí ayé ni.

Èyí tó súnmọ́ títí ayé ni amalgam, ìyẹn èyí tó ń dúdú bí fàdákà àtijọ́. Bàbá kan wà tó ń wá láti Ọ̀ffà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún 1986 ni wọ́n fi amalgam dí eyín erìgì rẹ̀ méjì, ó sì ṣì ń fi wọ́n jẹ ẹ̀gúsí sísun títí di òní. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n amalgam jẹ́ mákúrì. Ìdajì kejì jẹ́ ìyẹ̀fun fàdákà, tíìnì àti bàbà. Mákúrì, tó jẹ́ irin tó ń ṣàn bí omi, ló ń jẹ àwọn yòókù, tí gbogbo wọn á sì dì pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tíìnì àti mákúrì máa ń bí ohun kan tó rọ̀, tó sì ń jẹra; láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti rí i pé bí bàbà bá pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ohun tó ń jẹra yẹn á kúrò. Ọ̀gá mi àgbà máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń fi odó kékeré lọ̀ ọ́ nígbà tirẹ̀, tí wọ́n á fi aṣọ fún mákúrì tó bá ṣẹ́ kù jáde. Lónìí, inú kóró pípadé kan ni méjèèjì máa ń wà, ẹ̀rọ ló sì ń gbọ̀n ọ́n.

Amalgam kì í lẹ̀ mọ́ eyín. Nítorí náà ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n ń mọ ní Dàda, kí ikùn rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó má baà yọ. Ó sì gbọ́dọ̀ jìn tó mìlímítà kan ààbọ̀ sí méjì, nítorí pé bí ó bá fẹ́lẹ́ yóò ṣẹ́. Ẹ rí i pé à ń gbẹ́ eyín tí kò lẹ́ṣẹ̀ nítorí ohun tí a fẹ́ fi dí i. Àbùkù rẹ̀ tó ń dùn mí jù nìyẹn, ó ju dúdú rẹ̀ lọ. Bí a bá ń kì í wọlé, ọ̀rinrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Bí síǹkì bá wà nínú rẹ̀ tí itọ́ sì kàn án, afẹ́fẹ́ haidirójìn yóò máa jáde nínú rẹ̀, ohun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú ní bí ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún. Aláìsàn tó lọ sílé pẹ̀lú àlàáfíà á padà wá pẹ̀lú ìrora, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ẹ̀kán itọ́ kan. Ó tún máa ń tó wákàtí 24 kí ó tó ní gbogbo agbára rẹ̀. Bí a bá ní kí ẹ fi apá kejì jẹun títí di ọjọ́ kejì, kì í ṣe pé à ń fi ìwé kíkà yọ yín lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ mákúrì náà kì í ṣe àhesọ. Minamata, ìlú kan ní Japan tí mákúrì ilé iṣẹ́ kan ti ba ẹja inú òkun rẹ̀ jẹ́, tó sì ba ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, ni wọ́n fi sọ orúkọ àdéhùn àgbáyé lórí mákúrì tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2013, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017. Nàìjíríà náà wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni wọ́n fi kún un pé kí a má ṣe lo amalgam fún eyín wàrà, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, fún aboyún àti fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, àyàfi bí oníṣègùn bá rí i pé ó di dandan. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá lílo rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní ọdún 2025, yàtọ̀ sí ibi tó bá ti pọn dandan fún aláìsàn. Mo fara mọ́ ọn pé kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n n kì í yọ èyí tó wà lẹ́nu Bàbá Ọ̀ffà tí kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí pé ìgbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde gan-an ni èéfín mákúrì rẹ̀ ń pọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa, ike tó ní ìdérí tó le ló yẹ kó wọ̀. Kò gbọdọ̀ bá omi ìfọwọ́ lọ, kí odò Àsà má baà gbà á, kò sì gbọdọ̀ bá ìdọ̀tí ilé ìwòsàn wọ iná, nítorí pé iná ni yóò sọ ọ́ di èéfín.

Funfun ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́ báyìí, ohun tí a sì fi ń ṣe funfun yẹn ni composite, ohun rírọ̀ inú ike tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ní ọdún 1955 ni Michael Buonocore fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú eyín, ohun tó ń ṣàn bí oje igi lè wọ àwọn ihò wínníwínní tó bá ṣí síbẹ̀, kí ó sì dì mú un. Títí di òní, ọ̀nà yẹn náà ni: phosphoric acid tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 37 nínú 100, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30, kí a fi omi ṣàn án, kí a sì gbẹ ẹ́ títí ojú eyín á fi ṣe bí dígí tí a fi ẹfun pa. Ó rẹwà, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀. Bí itọ́ bá kan ibẹ̀ báyìí, kò sí àdúrà tó lè gbà á; à ń tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá láti Tanke nígbà kan, ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, eyín iwájú rẹ̀ sì ní ihò. Mo ṣe gbogbo ohun tó yẹ, àmọ́ ìpele tó wà ní ìsàlẹ̀ kọ̀ kò le, ó ń lẹ̀ mọ́ irin mi bí gọ́ọ̀mù. Ó gba ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó sọ fún mi pé ìyá òun ti ń fi òróró kànáfùrù sí i láti oṣù kan. Kànáfùrù ń dẹ ìrora eyín lóòótọ́. Eugenol inú rẹ̀ ni àwa náà ń lò pẹ̀lú ìyẹ̀fun síǹkì (zinc oxide) nínú ohun tí a fi ń dí ihò fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n eugenol yẹn kan náà kì í jẹ́ kí composite le. Ẹ sọ ọ́ fún oníṣègùn yín bí ẹ bá ti lò ó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ìyá mi náà ń lò ó.

Iná aláwọ̀ búlúù ló ń mú composite le, èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní àyíká nanomita 470. Kò lè wọ inú rẹ̀ jìnnà, ìdí nìyẹn tí a fi ń tò ó ní ìpele-ìpele tí kò ju mìlímítà méjì lọ. Bí ó sì ti ń le ló ń sún kì, bí ìdá méjì sí mẹ́ta nínú 100, tó lè fà á kúrò lára eyín bí a bá kì í pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òkè rẹ̀ á le kóó, abẹ́ rẹ̀ á sì rọ̀, kò sì sí ojú tó lè rí i. Nígbà kan, mo fura sí tọ́ọ̀ṣì wa tó ń tan iná búlúù yìí, tí bátìrì rẹ̀ ti ń rẹ̀, nítorí náà mo ki composite sínú ike róbótó kan tó jìn, mo tan iná sí i láti òkè fún iye ìṣẹ́jú àáyá tí a máa ń lò, mo tì í jáde, mo sì fi ọ̀bẹ kékeré ha ìdí rẹ̀. Ó ń jáde bí òrí tútù. Èyí tó le kò tó mìlímítà kan. Nígbà tí mo nu ẹnu tọ́ọ̀ṣì náà, mo rí i pé composite àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọn ní ìpele, bí èérí tó mọ́ gíláàsì àtùpà. A nù ún, a gbà á sí iná dáadáa, ó sì sàn jù bẹ́ẹ̀. N kò fẹ́ ronú nípa iye ẹnu tó ti jẹ nínú rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Iná lásán tó wà lórí àga pàápàá lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: èyí tí a bá fún sórí bébà tí a kò bò, yóò ti máa le kí ó tó dé eyín. Fíríìjì ni a ń tọ́jú rẹ̀ sí, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ ṣáájú kí ó lè rọ̀. Ọjọ́ tó wà lára páálí, fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe èyí tí iná rẹ̀ lọ fún ọjọ́ mẹ́rin ní oṣù kẹrin. Mo ti ń lẹ pílásítà mọ́ gbogbo ike, tí mo ń kọ ọjọ́ tí a ṣí i àti ìgbà tí fíríìjì kú sí i.

Nínú àwọn ohun yòókù tí a fi ń dí eyín, èmi kò rí wàhálà wúrà ju owó rẹ̀ lọ. Calcium hydroxide, tí a ń tẹ́ sí ìdí ihò tó ti súnmọ́ mùdùnmúdùn eyín, ti ń bá wa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Kí a má ṣe tẹ́ ẹ nípọn, nítorí pé kò lè gbé ẹrù.

Mo tún eyín Àlájà dí lọ́jọ́ náà gan-an, n kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọjà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, 27 ló wà lórí ògiri. Mo ní kí ó kọ́kọ́ tutọ́, kí ó yọ ẹnu, kí ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe dáadáa, kí n tó ṣí ìgò kankan. Mo pò ó, ó ń dán bí epo orí ọbẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ọmọ tó fi sídìí ọjà ní Ìpàta ni, ó ní oníbàárà kan ń béèrè iye agbọ̀n ata kan. Àlájà kò lè sọ̀rọ̀, òwú kún ẹnu rẹ̀, ìka mi sì wà lórí eyín náà. Ó na ìka mẹ́rin sókè. Olùrànlọ́wọ́ mi, tó gbá fóònù mú, ní, "Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni." Àlájà la ojú sí i bí ẹni tí wọ́n já lólè, ó sì ń mi ìka mẹ́rin náà jìgìjìgì títí ó fi yé ọmọ náà pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ni. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má pa ẹnu dé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi ná ata náà, ohun tí mo sì ń retí kí ó le ti le kí wọ́n tó gbà á ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì.